Ṣómólú Di Méjì

Ara mi kì í balẹ̀. Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé, mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Palmgrove. Bí mo bá jókòó tán, màá tún dìde. Ojú àtẹ kan ṣoṣo ni gbogbo èsì wà nínú kọ̀ǹpútà náà, kí a sì tó rí ti ẹnì kan, tíì á ti tutù. Mo bá pín in ní àdúgbò-àdúgbò: àtẹ Bariga lọ́tọ̀, ti Shomolu lọ́tọ̀. Mo fi tírígà, ìyẹn àṣẹ tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí èsì bá ti ń wọlé, tírígà á ka àdúgbò tí wọ́n kọ sí i, á fi orúkọ yẹn hun àṣẹ fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì gbé e lọ sí àtẹ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí àtẹ bẹ́ẹ̀, á ṣe tuntun. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Àfi ọjọ́ tí dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún àǹtí mi, àwọn tó tọ́ mi dàgbà ní Fọlá Àgòrò ní Ṣómólú, láti gbé ọmọ inú wọn jáde. Kò lè wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láìrí èsì wa, ọmọ náà ò sì lè dúró ká tún àyẹ̀wò ṣe. Mo yan Shomolu, mo tẹ orúkọ wọn. Kò sí. Mo tún un tẹ̀. Òfo.

“Ṣé o ti rí i?” Ọkọ wọn ló dúró tì mí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mí.” Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù náà ló sọ ẹnu mi di kíkan. Mo pe ọmọbìnrin tó ń gba orúkọ wọlé pé kó wá tẹ̀ ẹ́ níṣojú mi. Ó tẹ Somolu.

“H dà?”

“H wo? Bí mo ṣe ń kọ ọ́ láti ilé ìwé nìyẹn.”

Èsì àǹtí mi sì jáde. Tírígà ti rí Somolu, kò mọ̀ ọ́n, ó ṣe àtẹ mìíràn fún un láìbi ẹnikẹ́ni. Ọkọ wọn já ìwé gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré jáde, kò dúpẹ́. Mo ń rìn yí ilé náà ká títí ó fi pè lórí fóònù pé wọ́n ti bí, tìyá tọmọ ló wà láyọ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo ti kọ́ tírígà pé ọ̀kan náà ni méjèèjì, mo lọ kí wọn. Nọ́ọ̀sì ní kí n bá wọn kọ ìwé ìbí. Nígbà tó kan àdúgbò tí ìyá ń gbé, ọwọ́ mi dúró.

“Àǹtí, ká fi H sí i, àbí ká má fi sí i?”

Ọkọ wọn ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn ò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ọmọ.

“Èyí tí o ò ní fi wá ọmọ mi tì ni kó o kọ.”