Àtẹ̀gùn Tó Ga Ju Ìyókù Lọ

Orí òrùlé ni Idwal, àbúrò mi, ti lo ayé rẹ̀. Kò sí ilé tó jò rí létí òkun Wales tiwa yìí tí kò gun orí rẹ̀, òun náà ló sì to òkúta pẹlẹbẹ tó bo ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí àtọ̀gbẹ gba ojú rẹ̀ méjèèjì, ó fìdí mọ́ àga, kò jáde mọ́. Èmi àkọ́bí ni mo bá gba yàrá fún un nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ta ni ì bá tún ṣe é? Nest, àbúrò mi obìnrin tó tẹ̀lé mi, ẹkún nìkan ló mọ̀ ọ́n sun.

Idwal gbọ́, ó fárígá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ sílé olódi. Tí mo bá gun ilé ìṣọ́ yẹn dókè láìsí ẹni tó dì mí mú, ẹ fi mí sílẹ̀ nínú ilé mi. Tí mi ò bá lè gùn ún, màá kó lọ síbi tẹ́ ẹ ní kí n lọ."

Kíá ni mo gbà. Mo mọ̀ pé kò lè gùn ún.

Ibi tá a ti ṣeré dàgbà ni ilé olódi yẹn. Ní gbogbo Sátidé tí Màámi bá ti lé wa jáde nílé, ibẹ̀ là ń forí lé. Àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ náà yí po bí ìkarahun ìgbín, inú rẹ̀ sì ṣókùnkùn biribiri. Àwọn tó kọ́ ọ mọ̀ọ́mọ̀ mú òkúta àtẹ̀gùn kan ga ju ìyókù lọ, kí ọ̀tá tó ń sáré bọ̀ lè fẹsẹ̀ kọ. Ẹni tó bá ṣíwájú nínú wa á ké "Coda!" tó bá ti débẹ̀. Ohun tí Màámi fi ń jí wa láràárọ̀ náà nìyẹn: lédè Welsh, ó lè jẹ́ "dìde", ó sì lè jẹ́ "gbé sókè".

Nígbà tá a débẹ̀, mo ní kí Nest dúró ti tíì àti kéèkì tá a gbé wá nísàlẹ̀. Idwal fọwọ́ kan ògiri, ó sì bọ́ síwájú. Mo tẹ̀lé e pẹ́kípẹ́kí, mo la apá sílẹ̀ dè é. Rọra o. Gbẹ́sẹ̀. Fara balẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń pàṣẹ tó, ó ń gùn ún lọ ní tiẹ̀.

Àfi bó ṣe ké lójijì: "Coda!"

Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, pé kí n gbé òun sókè ló ń wí. Mo sáré sí i. Ojúgun mi ló bá òkúta pàdé, mo sì ṣubú lulẹ̀ gbì, mo ń ṣépè fún àwọn tó kọ́lé.

Nest lọgun láti ìsàlẹ̀, ó ń bi Idwal bóyá ó fara pa.

"Èmi kọ́," ni Idwal wí. "Ẹ̀gbọ́n wa ni. Ojú wọn ò ríran."

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ó yíjú padà, ó ń fọwọ́ wá mi nínú òkùnkùn títí ó fi bá èjìká mi.

"Coda, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo di ọwọ́ náà mú, ó sì fà mí dìde. Nígbà tá a dókè, tí atẹ́gùn òkun ń gbá wa lójú, mo pe ilé ìtọ́jú náà lórí fóònù, mo ní kí wọ́n fi yàrá yẹn fún ẹlòmíràn. Nígbà tá à ń sọ̀ kalẹ̀, èmi ni mo di èjìká rẹ̀ mú.