Kòtò Kẹjọ ní Ìpọ̀nrí

Iṣẹ́ mi máa ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó ri páìpù gáàsì mọ́lẹ̀, àwa la máa kọ́kọ́ gbẹ́ kòtò kéékèèké, mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, ká lè mọ̀ bóyá ohun àtijọ́ wà níbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí bíríkìlà fi ń rẹ́lé la fi ń há ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, a ó sì fi asẹ́ ku erùpẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé, "Má jáde nínú kòtò àfi tó o bá rí ilẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn ò kàn rí." Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n kòtò kẹjọ tí a gbẹ́ ní Ìpọ̀nrí ṣì ń tì mí lójú.

Màmá Rìsì, àgbàlagbà kan tó ń ta èédú nítòsí, ló wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní ibẹ̀ ni ilé bàbá òun wà kí wọ́n tó wó o nítorí ọ̀nà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi ń bẹ nísàlẹ̀ níbí o. Yàrá wọn la sin wọ́n sí. Tẹ́ ẹ bá rí wọn, ẹ pè mí, kí n lè gbé wọn kúrò."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Tí wọ́n bá wà níbẹ̀, màá rí wọn."

Mo fọ́nnu gan-an ni o. Nígbà tó di ọ̀sán, irin mi kan sìmẹ́ǹtì, ó ń dán. Ẹnjiníà àwọn onípáìpù ń pariwo lé mi lórí: "Madam, ẹ ṣe kíá jàre, katapílà ti dúró!" Òòrùn ń pa mí. Mo wo sìmẹ́ǹtì náà, mo ní tòde òní nìyí, kí ni ohun àtijọ́ ń wá lábẹ́ sìmẹ́ǹtì? Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, mo bá jáde.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú gbà mí tì. Ọmọ Yorùbá ni mí! Nínú pálọ̀ wa n'Íjẹ̀bú, abẹ́ sìmẹ́ǹtì ni bàbá àgbà mi wà, orí wọn la máa ń tẹ́ ẹní sí jẹun tá a bá lọ sílé ọdún. Ta ni ò mọ̀ pé tí wọ́n bá sin bàbá onílé sí yàrá, wọ́n á fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀? Mo kàwé kàwé, mo gbàgbé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, katapílà fọ́ sìmẹ́ǹtì náà, eegun bá erùpẹ̀ jáde. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, Màmá Rìsì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń kó eegun bàbá rẹ̀ sínú ìborùn, ó ń ṣépè fún awakọ̀ katapílà. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀ ohun tí kò mọ̀. Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni. Mi ò lè sọ ọ́. Mo gbé asẹ́, mo ku erùpẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko, títí mo fi ṣa ìyókù.

Aṣọ funfun ni mo fi dì wọ́n fún Màmá. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí.

"Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o pàdé irú ẹni tó tú bàbá mi ká."

Mo ní, "Àmín, Màmá."