Ibà Tí Wọ́n Pè Ní Lásán

Inú ṣì ń bí mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì bẹ Ọlọ́run pé kó rọ̀ mí.

Oyún àbúrò mi obìnrin ti wọ oṣù keje nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ ní Òṣú, níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Mo pè é láti ṣọ́ọ̀bù mi ní Alekúwodò, l'Óṣogbo. Ọkọ rẹ̀ ló gbé fóònù.

"Àǹtí, ẹ má dààmú. Ibà lásán ni."

Lásán! Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọkọ̀ dé Iléṣà, mo tún wọ òmíràn lọ sí Òṣú.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́yìnkùlé wọn, èyí tí wọ́n fún àbúrò mi níbi tó ti lọ forúkọ oyún sílẹ̀. Wọ́n ti fi yí ebè ẹ̀fọ́ ká.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Adìyẹ ń ṣa tẹ̀tẹ̀ mi jẹ ni. Nẹ́ẹ̀tì yẹn sì ń mú ooru."

"Màmá, ẹ gba ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ adìyẹ. Ta ló gba aláboyún lọ́wọ́ ẹ̀fọn?"

Mo kọjá lára wọn wọlé.

Lórí ẹní ni mo bá àbúrò mi, ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ọmọ yìí ò mira mọ́ láti àárọ̀."

A sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní Iléṣà. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Òun yè é. Ọmọ ti kú sínú rẹ̀ ká tó débẹ̀. Ọkùnrin ni.

Oògùn kan wà tí aláboyún ń lò kí ibà má bàa mú un. Gbogbo ìgbà tí àbúrò mi bá lọ gbà á ní ilé ìtọ́jú tó ń lò, "ó ti tán" ni wọ́n ń sọ fún un. Mo lọ bá wọn níbẹ̀, mo pariwo títí ohùn mi fi há.

Nọ́ọ̀sì tó jókòó ní, "Mọ́mì, wọn ò kó o wá fún wa. Kí la fẹ́ ṣe?" Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló ń họ ibi tí ẹ̀fọn ti jẹ òun náà lẹ́sẹ̀.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wa. Wọ́n ní ká dúpẹ́ pé ìyá wà láàyè. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá wa bínú ná.

Mo mú àbúrò mi wá sí Òṣogbo. Omi ọyàn ti sọ̀. Bálùwẹ̀ ló ti ń fún un dànù, tó ń sunkún.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá mú un, àbúrò mi ní òun ò tíì ṣe tán àtilọ. Mo gbé àga fún ọkùnrin náà. Mi ò bu omi fún un.