Ibi tí Igi Àgbọn Wà

Ẹgbẹ́ mi ni Àlímì, a jọ kéwú n'Íjẹ̀dé ni, mi ò sì rí i rí kó jókòó kọjá ìgbà tó bá ń jẹun. Bí ẹ bá fún un ní àga, á dìde, á ní òun fẹ́ lọ wo ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ti so mọ́lẹ̀! A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìdí ẹ̀ ò gbélẹ̀, Kúlúsúmù ìyàwó ẹ̀ á sì máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Bàbá Muslimah, ẹ jókòó, ẹ ò kúkú jalè."

Ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ tí ẹja ń kó sí tí kì í lè jáde, ló fi ń pẹja. Ogójì ni wọ́n, okùn kan ló so gbogbo wọn pọ̀ nísàlẹ̀ ọ̀sà. Kì í fi ohun tó léfòó sàmì sí i, torí olè tó bá rí àmì á ti kó ẹja lọ. Ojú ló fi ń mọ ibẹ̀: tí igi àgbọn etí omi bá bọ́ síwájú gogoro mọ́ṣáláṣí, tí méjèèjì di ọ̀kan, á ju ìkọ́ irin sómi, á máa fà á lọ títí á fi kọ́ okùn. Bí bàbá ẹ̀ náà ti ń ṣe é nìyẹn.

Nígbà tí àwọn tó ń kọ́ ìlú tuntun sétí ọ̀sà dé, ilé gogoro, òtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gé igi àgbọn náà. Wọ́n gbé pátákó ńlá dúró, wọ́n ya àwọn kan tó ń mu ẹlẹ́rìndòdò lẹ́bàá omi, ẹja kan ò sí nínú omi ọ̀hún. Inú bí mi gan-an. Àlímì ní kò burú, pé ojú ibi tí àgbọn wà gan-an ni kéréènì wọn dúró sí, ó sì ga ju àgbọn lọ.

Mo ní, "Àlímì, ohun tó ní táyà?"

Ó ní kí n panu mọ́.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, kéréènì ti ṣí lọ. Wọ́n tún kéde pé ní Wẹ́sìdeè, ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn máa dé ojú omi yẹn. Ohun tó bá bá nísàlẹ̀, á fà á ya. Àlímì ò ní ìgèrè mìíràn, kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Mo bá a tukọ̀ látàárọ̀ dọ̀sán, bàtà tó ti ya ni ìkọ́ ń gbé wá. Etí omi ti di yanrìn gbalasa, kò sóhun téèyàn lè fojú mú. Kò jẹun, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí èmi náà jẹun.

Kúlúsúmù ló sọ̀rọ̀ láàárọ̀ Túsìdeè. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń dúró dè yín lábẹ́ àgbọn yẹn. Ẹsẹ̀ mi mọ ibẹ̀. Mo máa lọ dúró."

Ó wọ híjáàbù funfun, ó gba inú yanrìn wọn lọ, ó sì dúró gbọin. A tukọ̀ títí funfun yẹn fi bọ́ síwájú gogoro mọ́ṣáláṣí. Àlímì ju ìkọ́. Ó kọ́ okùn! Ìgbà náà la rí sẹkúríìtì tó ń sáré lọ bá Kúlúsúmù. Obìnrin náà ò mira. À ń fa ìgèrè, à ń wo ẹ̀yìn, títí a fi kó ogójì pé.

Nígbà tá a gúnlẹ̀, Kúlúsúmù ti ń dúró dè wá.

Mo bi í pé, "Kí ni sẹkúríìtì yẹn wí?"

"Adélàjà lorúkọ ẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Mo ní kó jẹ́ kí ọkọ mi ríran, ó sì jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní láti ọ̀la, ògiri ni wọ́n máa mọ síbẹ̀. Ẹnì kankan ò ní lè dúró níbẹ̀ mọ́."

Àlímì to ìgèrè sẹ́yìnkùlé, ó fa àga kan, ó jókòó. Ó jókòó títí wọ́n fi pe ìrun Màgàríbì. Mo dá àpárá, kò rẹ́rìn-ín. Kúlúsúmù gbé oúnjẹ wá, kò wò ó.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀. "Bàbá Muslimah, ẹ dìde," ló wí. "Ẹ dákun, ẹ lọ wo ọkọ̀ yín."