Sítíárìn Líle, Apá Màmá Mi

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni òórùn búrẹ́dì gbígbóná ti máa ń kún inú ọkọ̀ màmá mi. Iwájú ni èmi máa ń jókòó sí, báàgì ilé ìwé lórí itan, tí ooru búrẹ́dì á máa fẹ́ sí mi lẹ́yìn ọrùn. Gíláàsì iwájú á ṣú, èmi ni màá sì fi àkísà nù ún. Ilé búrẹ́dì kan ní Òkòkòmáíkò ni màmá mi ti ń gbé e, wọ́n á pín in káàkiri ṣọ́ọ̀bù láti Ìyànà Ìbà títí dé ìtòsí Navy Town, kí wọ́n tó já mi sílẹ̀ nílé ìwé. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Búrẹ́dì tó bá ti fọ́ létí, èmi ló ni ín, ìdí nìyẹn tí n kì í fi í pẹ́ lórí ibùsùn.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà yẹn á mọ irú ọkọ̀ tí mò ń sọ, èyí tó gùn lẹ́yìn, tí kò ní páwà sítíárìn rárá. Tó bá ti ń sáré lórí títì Àgbádárìgì, kò sí wàhálà. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ páàkì tàbí kí wọ́n ṣẹ́rí padà níwájú ṣọ́ọ̀bù ni ìjà ń dé. Màmá mi á fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ ọkọ̀, wọ́n á gbé ìdí kúrò lórí àga díẹ̀, wọ́n á wá fi gbogbo èjìká fa sítíárìn náà bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn. Àwọn ọkùnrin Ìyànà Ìbà á ní, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, ọkùnrin ni yín jàre!" Màmá mi á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ wá bá mi fà á, ẹ yéé pariwo." Orí mi á wú. Nílé ìwé, mo máa ń fọ́nnu pé kò sí ìyá ẹnì kankan tó lè yí ọkọ̀ wa, àti pé ọ̀gá ilé ìwé gan-an ò lè yí i.

Síbẹ̀, sítíárìn líle yẹn ní àǹfààní tirẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ táyà ló ń gòkè wá sí àtẹ́lẹwọ́. Tá a bá wọ iyanrìn Ìbà, á dẹ̀. Tá a bá kọjá lórí kòtò, á ta. Màmá mi á mú ọwọ́ mi, wọ́n á fi sábẹ́ ọwọ́ tiwọn. "Bísí, ṣé o gbọ́ ọ? Ó ń fà sápá òsì. Táyà ti ń rọ̀ nìyẹn." A ó dúró lọ́dọ̀ fọ́kánáísà, a ó sì bá a bẹ́ẹ̀.

Ọdún tí mo máa parí pírámárì ni èjìká ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Ó kọ́kọ́ dà bí eré. Nígbà tó yá, wọn ò lè nawọ́ sá aṣọ mọ́, bàbá mi ló sì ń bá wọn wọ bùbá. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ wọ́n wò sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: tí wọn ò bá yéé fa sítíárìn yẹn, apá náà ò ní ṣe é lò mọ́. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ télọ̀, tí wọn ò sì mọ ọkọ̀ wà, rọra ní, "Ìyá Bísí, ṣé ká fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀ ni?"

Màmá mi dá wọn lóhùn pé, "Kí n wá jókòó, kí n máa wo yín bí ẹ ṣe ń ránṣọ?"

Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ búrẹ́dì yẹn nìkan ni ohun tí màmá mi dá bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ.

Bàbá mi kò jà. Wọ́n lọ bá Bọ̀dá Múfú, mẹkáníìkì wa ní Ìbà, pé kí ni ṣíṣe. Bọ̀dá Múfú bá wa wá páwà sítíárìn kan rí lára irú ọkọ̀ wa tó ti kú: pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ń ti ọ́ìlì gba inú páìpù láti ran ọwọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń dè é, inú ń bí mi. Lójú tèmi, wọ́n fẹ́ gba agbára màmá mi lọ́wọ́ wọn.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí a gbé e jáde, màmá mi fẹ́ yà síwájú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà Ìbà, wọ́n sì fi èjìká fà á bí ìṣe wọn. Sítíárìn yí wìì. Ká tó mọ̀, táyà iwájú ti wà nínú gọ́tà, búrẹ́dì sì ti ya lé mi lórí. Nǹkan kan ò ṣe wá. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wà nítòsí gbé ọkọ̀ náà jáde, ọ̀kan nínú wọn ń rẹ́rìn-ín, "Màmá, ẹ rọra o, kì í ṣe ìjà mọ́!" Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, omi ń bọ́ lójú wọn. N kò rí ẹkún wọn rí. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́," ni wọ́n ń sọ. "Ó dà bíi pé mo di ọwọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ mú."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. "Múfú, yọ ọ́," ni màmá mi wí.

"Màmá, ọ́ìlì yẹn ló ń bá yín gbé ìwúwo ẹ̀," ni Bọ̀dá Múfú fèsì. "Bó ṣe ń gbé ìwúwo, á gbé díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ títì pẹ̀lú, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ kì í gbé gbogbo ẹ̀. Ìka ni kẹ́ ẹ fi dì í mú, ẹ má fi èjìká bá a jà mọ́."

Màmá mi ṣì ń mi orí. Bàbá mi wá súnmọ́ wọn, wọ́n ní, "Jọ̀ọ́. Apá yẹn, èmi náà nílò ẹ̀." Màmá mi wolẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọn ò sì sọ pé kí Múfú yọ ọ́ mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, a lọ sí ilẹ̀ gbalasa kan ní Ìbà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi wà lẹ́yìn, wọ́n di àga iwájú mú gírígírí, wọ́n ń sọ pé, "Rọra, rọra," bí ẹni mọ ọkọ̀ wà. "Bàbá Bísí, ẹ jẹ́ n gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ," ni màmá mi dá wọn lóhùn. A yípo yípo títí òòrùn fi rọ̀. Nígbà tó pẹ́, wọ́n dúró nínú iyanrìn, wọ́n sì fi ọwọ́ kan yí sítíárìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ń retí kí wọ́n kérora, wọn ò kérora. Wọ́n tún yí i padà. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ ọ. Ó kéré, àmọ́ mo gbọ́ ọ." Wọ́n sì gbé búrẹ́dì títí mo fi parí yunifásítì.

Ọjọ́ orí tí màmá mi wà nígbà náà ni mo wà báyìí, Ìbà náà sì ni mò ń gbé. Sítíárìn ọkọ̀ tèmi ò lo ọ́ìlì, iná bátìrì ló ń bá mi yí i. Ìka kan ti tó, débi pé nígbà míì n kì í mọ̀ bóyá orí iyanrìn ni mo wà tàbí orí ọ̀dà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mò ń kó ẹrù ọjà jáde nínú bùútù, ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo gbọ́ tí ọmọbìnrin mi ń fọ́nnu fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Kì í rẹ mọ́mì mi rárá." Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò ó. Èmi gan-an ní kékeré ni mò ń wò. Ọmọ yẹn fẹ́ràn agbára ìyá rẹ̀ débi pé kò rántí béèrè bóyá ó ń dùn ún. Bàbá mi, tí wọn ò di sítíárìn mú rí, ni wọ́n béèrè.

Mo pè é. "Ó rẹ̀ mí o, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Wá bá mi gbé àpò yìí."

Ẹnu yà á. Lẹ́yìn náà ló gbé èyí tó wúwo jù, ó sì fi èyí tó fúyẹ́ sílẹ̀ fún mi.