Àtẹ́lẹsẹ̀ Délé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìwé ìtàn lásán ni mo ń kà fún Màmá lọ́sàn-án yìí, ọ̀rọ̀ ńlá ló sì tibẹ̀ yọ.

Òǹkọ̀wé òde òní kan ló tún ìtàn àtijọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì sọ. Wọ́n gbé ọkùnrin kan fún àjèjì tọ́ láti kékeré. Ó dàgbà, ó fi àìmọ̀ fẹ́ àbúrò rẹ̀. Nígbà tó mọ̀, ó wọ inú ihò àpáta lọ, ó ń sunkún ẹ̀ṣẹ̀ náà títí Ọlọ́run fi dárí jì í.

Ibẹ̀ ni mo kà dé tí Màmá fi pa asọ̀rọ̀mágbèsì tó ń kọrin jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

"Ìwádìí tí bàbá rẹ ṣe lórí Délé, àfẹ́sọ́nà rẹ, ìdílé ta ni wọ́n wádìí?"

"Ti àlùfáà tó tọ́ Délé dàgbà ni, Mà. Kò sẹ́ni tó mọ àwọn tó bí i."

Màmá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n pa á dé.

"Mo bí ọmọkùnrin kan kí n tó fẹ́ bàbá rẹ. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi fún àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyin iná ti jó o lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì."

Mo ń gbọ́ alùpùpù Délé níta báyìí. Á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á dọ̀bálẹ̀ fún Màmá bó ṣe máa ń ṣe. Àwọn tó wà níwájú kì í rí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó dọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Màmá ní kí n dúró sí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa wò ó?