Omi Tí Kì í Dá Òkú Padà: Bí Mo Ṣe Bá Ẹ̀gbọ́n Ìdòwú Lọ sí Adágún Abẹ́ Òkè Yìnyín

Ọ̀gá ọkọ̀ pa ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ láàárín adágún omi. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbé àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ká ibẹ̀, òun kò dúró sójú kan báyìí rí. Àwọn òyìnbó bí ogójì tó wà nínú ọkọ̀ dìde dúró, àwọn ọkùnrin sì ṣí fìlà. Àgbẹ̀ kan láti Gbaffo, ní agbègbè àwọn òkè Dassa, di irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó tẹ̀ba, ó sì pe ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sínú omi. "Àkànbí. Àkànbí. Àkànbí o." Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí èsì. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

Ìdòwú ni orúkọ àgbẹ̀ náà. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Àkànbí, tí àwọn fadá sọ ní Bẹnuwá nígbà ìrìbọmi. Ilé ẹ̀kọ́ kan létí adágún yẹn, ní ilẹ̀ Faransé, ló gbà á láti wá kọ́ iṣẹ́ igi gbíngbìn àti ìtọ́jú igbó. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹfà, ọdún kẹrin lẹ́yìn òmìnira Dahomey, òun àti ọ̀rẹ́ méjì gbé ọkọ̀ kékeré bọ́ sórí omi. Ẹ̀fúùfù já bọ́ láti orí òkè, ọkọ̀ dojú dé. Àwọn méjì wẹ̀ jáde. Wọ́n wá Àkànbí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọn kò rí i.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ nílé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ti gbé létí odò Wẹmẹ mọ̀ pé omi kì í gbé òkú pamọ́ kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta yóò gbé e léfòó, a ó sì sin ín sí etí omi níbẹ̀, nítorí òkú odò kì í wọlé. Nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ náà sí ìyá Àkànbí létí, ẹni tí wọ́n bí sí etí odò yẹn, kò sunkún. Ó ní kí wọ́n tún ibi tí iye ọjọ́ wà kà.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án?" ló wí. "Omi wo ló ń gbé ènìyàn mì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án? Ọmọ mi kò sí nínú omi. Ó wà níbìkan, ẹ̀rù ló ń bà á láti kọ̀wé."

Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun kẹ́dùn. Ẹni tó bá wá kí i, á ní kí ó padà sílé, òkú kò sùn nílé òun. Nígbà tí ìrìn àjò mímọ́ ti oṣù kẹjọ dé, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí ihò òkúta Màríà ní Arigbo pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ. Àwọn yẹn rò pé ó fẹ́ gbàdúrà fún òkú. Ọpẹ́ ló lọ dá pé ọmọ òun yè. Àwọn àgbà ilé wá rí i pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò máa dúró de ọmọ náà títí yóò fi kú. Wọ́n sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí ó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí omi náà, kí ó sì padà wá wí ohun tí ó rí. Ilé ẹ̀kọ́ náà fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ fún òun àti ẹnì kan tó gbọ́ Faransé. Ọmọ Dassa ni mí, iṣẹ́ ìwé ìròyìn sì ni mo ti ń ṣe ní Cotonou láti ogún ọdún. Ẹ̀gbọ́n ni Ìdòwú jẹ́ sí mi ní ìdí ìyá. Èmi ni wọ́n yàn.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí a kúrò ní Gbaffo nínú oṣù kẹsàn-án. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, àwọn òkúta ńlá tó yí wa ká ń dán nínú òkùnkùn bí ẹ̀yìn màlúù. Ẹ̀gbọ́n gbé àpò kan tó kó gààrí, èlùbọ́, aṣọ ìbora àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ sí. Ìyàwó rẹ̀ sìn wá dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Tí ẹ bá rí i, ẹ sọ fún un pé n kò bínú."

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa láti Dassa dé Cotonou títí di ìrọ̀lẹ́. Ní gbogbo ibùdókọ̀ ni àwọn obìnrin ń sáré tẹ̀lé fèrèsé pẹ̀lú àkàsà, ẹja yíyan àti ọsàn. Àkàsà márùn-ún jẹ́ fáráǹ márùndínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì a wọ ọkọ̀ òfurufú. N kò ní fa ọ̀rọ̀ náà gùn. Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ àga mú láti Cotonou dé Paris, nígbà tí a sì sọ̀ kalẹ̀ ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ojú ọ̀nà kan náà ni a ó gbà padà.

Láti Paris, ọkọ̀ ojú irin ni títí a fi dé ẹsẹ̀ àwọn òkè, lẹ́yìn náà ọkọ̀ bọ́ọ̀sì. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà náà, kò sí kòtò kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ó sì ń lọ́ yí òkè ká bí okùn tí wọ́n fi di ẹrù. Lórí òkè tiwa, ènìyàn ló ń gbé; àwọn baba wa sá gorí òkúta nígbà ogun, wọ́n sì kọ́lé síbẹ̀. Tiwọn ga débi pé kò sí ẹni tó ń gbé lórí rẹ̀ àyàfi yìnyín funfun tí wọ́n ń pè ní nẹ́ẹ̀jì. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Ó ní òun rò pé ẹnì kan ló sá òwú sórí òkúta.

Wọ́n fún wa ní kọfí àti búrẹ́dì ní ilé oúnjẹ kan, fáráǹ kan àti ààbọ̀ owó tiwọn, tó jẹ́ márùndínlọ́gọ́rin tiwa. Wọ́n gbé fúrómáàsì kalẹ̀, ìyẹn wàǹgàsì, wàrà líle, ti àwọn òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n, tó ti ń ra wàǹgàsì lọ́wọ́ àwọn Fúlàní láti kékeré, gbóòórùn rẹ̀, ó sì dá a padà sínú àwo. "Àbúrò, wàǹgàsì yìí ti ṣàìsàn," ló wí. Ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i tó rẹ́rìn-ín ní gbogbo ìrìn náà.

Ọkọ̀ tó ń gba ojú ibi tí ọmọ náà ti bọ́ sómi kọjá kò ju ẹyọ kan lọ, ọkọ̀ ìgbafẹ́ sì ni. Wọ́n ń pe ìrìn rẹ̀ ní pẹtí-túù, ìyẹn ni pé yíyíká kékeré, wákàtí kan péré. Fáráǹ mẹ́ta ni tíkẹ́ẹ̀tì, àádọ́jọ fáráǹ tiwa. Funfun ni ọkọ̀ náà, wọ́n to bẹ́ǹṣì sí i bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn ka orúkọ òkè àti ilé àwọn ọlọ́lá fún àwọn èrò bó ṣe ń wakọ̀. Àwọn ènìyàn ń ya fọ́tò. Ọmọdébìnrin kan ń ju búrẹ́dì sí àwọn ẹyẹ. Omi náà dúró jẹ́ẹ́, ó dà bí aró, òkè dorí kodò sínú rẹ̀. Ó lẹ́wà. Mo rántí pé ó dùn mí pé ó lẹ́wà.

Mo lọ bá ọ̀gá ọkọ̀, mo sọ ẹni tí a jẹ́ fún un. Ó dákẹ́ kíkà. Ó ní òun mọ ọmọ dúdú náà. Ó máa ń bá òun so okùn ọkọ̀ mọ́ èbúté. Ẹ̀gbọ́n ní kí n béèrè ibi tí omi náà ń ṣàn lọ, kí a lè tẹ̀lé e. Ọ̀gá ọkọ̀ nawọ́ sí ìlú tí a ti wọ ọkọ̀: ẹnu kékeré kan ló fi ń jáde níbẹ̀, wọ́n sì ti fi irin ṣe ọgbà sí i. Bí ọmọ náà bá ti gba ibẹ̀ ni, wọn ì bá ti rí i.

Ẹ̀gbọ́n dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́ kan omi. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo rí i pé ìrètí ti wọ inú rẹ̀, ó sì bà mí lẹ́rù.

"Omi yìí kò tutù ju ti òwúrọ̀ wa lọ," ló wí. "Kí ni kò ní jẹ́ kó gbé e jáde? Àbúrò, bóyá òótọ́ ni ìyá rẹ̀ ń sọ."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ bọ́ sínú yàrá kékeré rẹ̀, ó mú ìgò kan jáde tí wọ́n so òjé mọ́ ìdí rẹ̀, okùn kan ní ọrùn rẹ̀, okùn mìíràn ní ìdérí rẹ̀. Àwọn apẹja ibẹ̀ ló ń lò ó láti mọ ibi tí ẹja sá sí. Ó pa ẹ̀rọ. Ó sọ ìgò náà sísàlẹ̀, okùn ń tú, ó ń tú, títí mo fi rò pé kò ní tán. Ó fa okùn kejì kí ìdérí lè ṣí, ó dúró, ó sì fà á sókè. Ó gbé ìgò náà lé Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù. Ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó yọ ọ́, ó tún fi kan ọrùn. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

"Lókè nìkan ni oòrùn ń dé," ni ọ̀gá ọkọ̀ wí. "Nísàlẹ̀, bó ṣe rí nìyí lẹ́ẹ̀rùn àti lótútù. Òkú kì í wú níbẹ̀, nítorí náà kì í léfòó. Sọ fún un pé baba èmi náà wà níbẹ̀. Apẹja ni. Ọdún mẹ́rìnlélógún rè é, a kò rí i."

Mo sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí ọ̀gá ọkọ̀ náà, ó sì kí i bí a ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀: "Ẹ kú ìrọ́jú." Ọ̀gá ọkọ̀ kò gbọ́ èdè náà, ṣùgbọ́n ó tẹrí ba. Ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n di irin mú, tó pe ọmọ rẹ̀.

A dé ọ̀dọ̀ mẹ́ẹ̀rì ìlú náà, olórí ilé ìjọba wọn, kí a tó kúrò. Ohun kan ni Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́: bí omi bá yọ̀ǹda ọmọ náà lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má gbé e lọ sí itẹ́ òkú inú ìlú, kí wọ́n sin ín sí etí omi. Mẹ́ẹ̀rì ní òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò dìde lórí àga. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mẹ́ẹ̀rì ní ilé àdúrà àtijọ́ kan wà létí adágún, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ìlú. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀.

Ọ̀gá ọkọ̀ ti fún Ẹ̀gbọ́n ní ìgò náà. Nínú ọkọ̀ òfurufú, mo rí i pé ó ti fi aṣọ ìbora rẹ̀ wé e lẹ́ẹ̀mẹrin, ó gbé e sáyà. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ó ní kí òtútù náà má baà jáde ni, kí ìyá Àkànbí lè fọwọ́ kàn án. Ó yẹ kí n ti sọ òótọ́ fún un níbẹ̀. N kò lè sọ ọ́.

Gbogbo ilé péjọ ní Gbaffo lọ́sàn-án ọjọ́ tí a dé. Ẹ̀gbọ́n tú aṣọ náà díẹ̀díẹ̀ níwájú wọn, ó sì gbé ìgò fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà dà á sí àtẹ́lẹwọ́.

"Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni ẹ rù wá fún mi láti ilẹ̀ òyìnbó," ló wí. "Omi inú ìkòkò mi tutù jù ú lọ. Baba Àkànbí, wọ́n tàn yín jẹ, ẹ sì gbà."

Ẹ̀gbọ́n wo ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi ni mo ṣàlàyé, mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ sínú ìwé mi, ó sì ń gbọ́ mi bí ẹni ń gbọ́ ìtàn ìjàpá.

Àlájì Súlé ló bá wa yanjú rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù ni lọ́jà Dassa, ó ní fírígò kan, àpótí tó ń mú nǹkan tutù, tó ń fi epo kẹrosíìnì ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi lọ́jọ́ kejì, ó sì ní kí a mú ìyá náà wá. Obìnrin náà bá wa wá nítorí pé ó fẹ́ ra iyọ̀. Àlájì kò sọ nǹkan kan nípa ọmọ. Ó ṣí fírígò, ó gbé ẹja kan jáde láti àárín omi dídì, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹja. Ìgbà wo lẹ rò pé èyí kú?"

Obìnrin náà ṣí ẹ̀yìn etí ẹja náà wò, ó fi àtàǹpàkò tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ó ní àná.

"Ọjọ́ kejìdínlógún rẹ̀ lónìí, Ìyá. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ìyá Àkànbí ti ọwọ́ bọ inú fírígò náà, sáàárín omi dídì, ó sì fi í síbẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Ẹ̀gbọ́n fẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ jáde, ìyàwó rẹ̀ ní kí ó fi òun sílẹ̀.

"Ṣé bó ṣe tutù nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ó sì jìn."

"Ojú rẹ̀ á ṣì wà bó ṣe wà?"

"Á wà bó ṣe wà."

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó jókòó lórí àpótí ṣúgà tó wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ tútù náà bo ojú. "Ó wà níbẹ̀, nígbà náà," ló wí. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún tó ti dì sínú láti oṣù kẹfà. Àlájì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì dúró síta títí ẹkún náà fi tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn.

Mo ti rin ìrìn púpọ̀ nítorí iṣẹ́ ìròyìn, mo sì máa ń rò pé bí mo bá ti kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, mo ti gbé e délé. Èyí kọ́ mi pé ohun mìíràn wà tí kò ṣeé rù. Ìyá Àkànbí kò purọ́ nípa omi. Omi tirẹ̀ ló mọ̀, òótọ́ ló sì sọ nípa rẹ̀.

Wọ́n ti ṣọ̀fọ̀ ní Gbaffo fún ọjọ́ méje. Àwọn fadá ṣe Mísà. Àwọn àgbà ilé ṣe tiwọn. Mo bá Ẹ̀gbọ́n lọ sí ọ́fíìsì sú-pèrèfẹ́, olórí ìjọba agbègbè wa, ní Dassa láti gbé ìwé mẹ́ẹ̀rì fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní níwọ̀n bí kò ti sí òkú, òun kò lè kọ ìwé ikú. Ilé ẹjọ́ ni yóò kéde rẹ̀, ó sì lè pẹ́. Ṣùgbọ́n òun ó kọ̀wé sí mẹ́ẹ̀rì náà láti gba àdéhùn rẹ̀ wọlé. Bí omi bá yọ̀ǹda ọmọ náà, bó pẹ́ bó yá, etí omi ni wọn ó sin ín sí, wọn ó sì fi tẹlẹgíráàmù ránṣẹ́ sí Dassa. Ó pe akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ wọlé níṣojú wa, ó ní kí ó gbé tẹlẹgíráàmù náà dé Gbaffo lọ́jọ́ tó bá dé, òjò ì báà máa rọ̀, kí ó má sì fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bí kò ṣe ìyá ọmọ náà.